Ẹ máa sọ ibi tí ewé náà ti ṣiṣẹ́ fún wa

Sí Olótùú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú akitiyan lórí ìwé ìròyìn yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á, ojú ìwé ìlera ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ẹ ní ewúro, efinrin, mọ̀ríńgà àti ata ilẹ̀ pupa kún fún antioxidant, ẹ ní wọ́n ń mú wíwú àti ríro inú ara wálẹ̀, ẹ sì ní àwọn onímọ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ parí ọ̀rọ̀ sí. Ẹ ò sọ ibi tí wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún wa. Ṣé inú ìgò ni? Ṣé ara eku ni? Àbí ara ènìyàn bíi tèmi àti tiyín? Ohun tí mo wá béèrè nìyẹn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé ìdí tí ìbéèrè náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́wé ọmọ ni ìyá mi, nínú ọjà Ojúwòyè ní Mùṣín. Ìdí igbá rẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ ewé kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí mo dàgbà, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni mo kọ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ewé àti egbò wò ni mo sì ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń sá ewé, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́, èmi ni mò ń gbé ìgò sínú ẹ̀rọ tí mo sì ń kọ iye tí ẹ̀rọ bá kà sílẹ̀. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ sínú ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìṣojú mi ni púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ṣe ń wáyé, mo sì mọ ibi tó mọ.

Èròjà kan wà tí à ń pè ní DPPH. Tí a bá tú u sínú methanol, irú ọtí olóró kan, omi náà á di àwọ̀ èsè àlùkò tó jinlẹ̀, tó wu ojú. A ó wá mú oje ewé tí a ti yọ, a ó kán an sí i, a ó gbé e pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Bí oje ewé náà bá lágbára, èsè àlùkò yẹn á ṣá, á di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn àwọ̀ ló ń sọ bó ṣe ṣá tó, ní 517 nanometer, ìyẹn irú ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń gbé mì jù. A ó sì fi wé ohun tí fítámìnì C ṣe nínú ìgò tirẹ̀. Láti ọdún 1958 tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Blois ti kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ni àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé ti ń lò ó. Kò wọ́n, kò pẹ́, kò sì nílò ẹran tàbí ènìyàn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò náà rọrùn láti sọ. Free radical ni DPPH: electron rẹ̀ kan dá wà láìní ẹnìkejì, kò sì lè sinmi títí tí yóò fi rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn èròjà inú ewé, pàápàá àwọn tó ń jẹ́ polyphenol, ní ohun tí wọ́n lè yọ̀ǹda fún un. Bó bá ti gbà á, ara rẹ̀ á wálẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á lọ. Ohun tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè ní antioxidant.

Òdodo ni iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé mò ń pè é ní irọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà á sọ fún yín: ewé tí kò ní ṣe é rárá ṣọ̀wọ́n. Ewúro ń ṣe é. Efinrin ń ṣe é. Tíì tí à ń mu láàárọ̀ ń ṣe é dáadáa, kọfí ń ṣe é, èèpo ọsàn tí à ń jù nù ń ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ pé ewé báyìí ní antioxidant, ẹ ò tíì sọ ju pé ewé ni lọ. Kò tíì sọ fún ìyá àgbà tí orúnkún ń ro pé kó mu ún. Kò tíì sọ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé ó lè fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

DPPH fúnra rẹ̀ kò sí nínú ara ọmọ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ ló ń pò ó. Nínú ìgò, òun àti oje ewé wà lójúkojú, kò sí ohun tó dí wọn lọ́nà. Nínú ara, oje ewé gbọ́dọ̀ la inú ikùn kọjá, kó la ìfun, kó gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, kó tó rí ẹ̀jẹ̀ wọ̀. Ẹni tó rí ata lọ́jà kò tíì jẹ ọbẹ̀. Ẹ wo ata ilẹ̀ pupa tí ẹ fi kún àwọn ewé yín. Curcumin ni èròjà inú rẹ̀ tí ayé ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní gíráàmù 2 curcumin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì wá a nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Díẹ̀ báyìí ni wọ́n rí, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní in rárá. Nígbà tí wọ́n fi 20 mílígíráàmù piperine kún un, ìyẹn èròjà tó ń mú ata dúdú ta lẹ́nu, èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ lọ sókè ní ìlọ́po bí ogún. Piperine yìí wà nínú iyèré tiwa náà. Ìyá mi kì í di ẹrù àgbo láìfi iyèré tàbí ẹ̀ẹ̀rù sí i. N kò mọ̀ pé ó mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìfun, àmọ́ inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àkójọ ńlá kan nígbà kan rí, tí wọ́n ti to oúnjẹ tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí agbára antioxidant wọn nínú ìgò. Orúkọ iye náà ń jẹ́ ORAC. Ní 2012, wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ àkójọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé iye inú ìgò yẹn ń sọ ohun tí oúnjẹ á ṣe nínú ara, wọ́n sì ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ àti oògùn ń fi polówó ọjà lọ́nà tí kò tọ́. Ìjọba tó ṣe àkójọ ló kó o kúrò. Ó yẹ kí ìwé ìròyìn tiwa náà mọ̀.

Ohun mìíràn wà tó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀, torí pé bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, ńṣe ló dà bíi pé ọ̀tá ni gbogbo free radical, pé bí a bá ṣe ń pa wọ́n tó ni ara wa á ṣe le tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, ń ṣe free radical fúnra wọn láti fi pa kòkòrò àrùn. Ara ń lò wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n ń ba nǹkan jẹ́. Ní Finland, àwọn onímọ̀ kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní oníhóró beta-carotene, antioxidant tó ń fún kárọ́ọ̀tì àti epo pupa ní àwọ̀. Wọ́n rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á dín kù láàárín wọn. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1994: jẹjẹrẹ náà fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lo beta-carotene. Ìwádìí mìíràn tó fara jọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, CARET, wọ́n dá a dúró ní 1996 kí àsìkò rẹ̀ tó pé nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n ń rí. Kì í ṣe epo pupa inú ọbẹ̀ ni mò ń bá wí o. Oníhóró tí wọ́n ki antioxidant sínú rẹ̀ gbọingbọin, tí a fún àwọn tó ń mu sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ohun tó dára nínú ìgò lè yíjú padà nínú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ eku, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wíwú àti ríro ti wá. Láyé àtijọ́ ni àwọn oníṣègùn Róòmù ti sọ àmì mẹ́rin tí a fi ń mọ ibi tí ara ti ń jà: á pọ́n, á wú, á gbóná, á máa ro. Láti dán ewé wò lórí èyí, a máa ń lo carrageenan, èròjà kan tí wọ́n ń rí nínú koríko inú òkun. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Winter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀nà náà jáde ní 1962. A ó fún eku funfun ní oje ewé mu, lẹ́yìn náà a ó gún un ní abẹ́rẹ́ carrageenan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Láàárín wákàtí mélòó kan ẹsẹ̀ náà á wú kùbẹ̀kùbẹ̀. A ó máa wọn ẹsẹ̀ náà ní wákàtí-wákàtí, a ó sì fi eku tó mu oje ewé wé èyí tó gba indomethacin tàbí diclofenac, àwọn oògùn òyìnbó tó ń mú wíwú wálẹ̀, àti èyí tó mu omi lásán. Bí ẹsẹ̀ ẹni tó mu ewé kò bá wú tó ti ẹni tó mu omi, ewé ti ṣe nǹkan.

Ìgbésẹ̀ tó ju ti ìgò lọ nìyí, torí ara ni, kì í ṣe ìgò. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó wú láàárọ̀ tí yóò sì máa joro kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ni. Làkúrègbé tó ti bá ìyá àgbà gbé fún ọdún pípẹ́, tó ti jẹ eegun orúnkún rẹ̀, kì í ṣe ohun kan náà. Kò sí ẹni tó lè ti ara ti eku sọ ti ìyá àgbà láìṣe iṣẹ́ mìíràn sí i.

Ìwọ̀n náà ńkọ́? Ohun tí ojú ìwé ìlera yín kì í mẹ́nu bà rárá nìyẹn. A sábà máa ń fún eku ní 200 tàbí 400 mílígíráàmù oje ewé gbígbẹ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. A kì í gbé iye náà fún ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣá. Ìlànà tí FDA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, tẹ̀ jáde ní 2005 ni pé kí a fi 6.2 pín ti eku. Fún ẹni tó wọn 60 kílò, 400 yẹn á di nǹkan bíi gíráàmù 4 oje gbígbẹ lójúmọ́ kan. Ká wá sọ pé gíráàmù 100 ewé gbígbẹ mú gíráàmù 10 oje jáde. Á jẹ́ pé gíráàmù 40 ewé gbígbẹ ni ẹni náà nílò lójoojúmọ́. Ẹ mú kápúsù ìyẹ̀fun ewé tó jẹ́ 500 mílígíráàmù, bí irú èyí tí wọ́n ń tà káàkiri Èkó, kí ẹ ṣírò rẹ̀: ọgọ́rin kápúsù lóòjọ́. Ara igò oògùn ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé kí a máa lo méjì.

Ti ohun tí a fi yọ oje náà ló wá dùn mí jù, torí pé àwọn ìyá wa nínú ọjà mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì ju bí àwọn oníròyìn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní ilé àyẹ̀wò, methanol tàbí ethanol la sábà máa ń fi rẹ ewé, torí wọ́n ń fa ohun tí omi kò lè fà jáde. Lẹ́yìn náà a ó fi ẹ̀rọ lé methanol náà dànù pátápátá. (Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú rẹ̀ nílé. Methanol ń fọ́ ojú, ó sì ń pa ènìyàn. Ó pa àwọn tó mu ọtí tó ní in nínú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, a kò sì tíì gbàgbé wọn.) Nílé, omi là ń fi sè é. Nítorí náà ohun tó wà nínú oje tí eku mu lè má sí nínú ìkòkò yín rárá.

Ẹ wo bí ìyá mi ṣe ń ta ewé. Oníbàárà á dé, á ní òun fẹ́ ẹrù àgbo. Ìyá mi kò ní na ọwọ́ sí ewé kankan. Á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fẹ́ mu ún, ọmọdé ni àbí àgbà, ṣé oyún wà níbẹ̀, ṣé ó ń fún ọmọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà á sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Omi gbígbóná fún èyí, omi tútù fún èyí, omidùn fún èyí, èyí kò gbọdọ̀ rí iná. Ó ní ewé tí a máa ń gbo, ó ní èyí tí a máa ń sá sí abẹ́ òrùlé, kì í ṣe inú oòrùn. Á fi ìka han oníbàárà ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé nínú ife. Bí ẹni tó fẹ́ mu ún bá ní oyún, kò ní ta ewé mìíràn ju ewé tó mọ̀ lọ, bí oníbàárà bá tilẹ̀ bínú kúrò níbẹ̀. Mo rí i tó dá owó padà.

Ohun kan náà tí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan, ṣe ní Ṣáínà nìyẹn, ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015. Ewé artemisia ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún ibà, àbájáde rẹ̀ sì ń ṣe ségesège. Ó padà sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan, ó rí i níbẹ̀ pé omi ni wọ́n rẹ ewé náà sí, wọ́n fún un, wọ́n mu oje rẹ̀. Wọn kò sè é. Ó yé e pé iná ló ń ba oògùn inú ewé jẹ́. Ó wá lo éètà, omi kan tó ń fa oògùn inú ewé jáde láìnílò ooru púpọ̀, oògùn ibà sì jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rírẹ àti sísè ló gba ẹ̀mí àìmọye ọmọ Áfíríkà là. Bí oníròyìn bá sọ fún wa pé ewé báyìí dára láìsọ bóyá wọ́n rẹ ẹ́ ni àbí wọ́n sè é, ó ti yọ àárín ọ̀rọ̀ sọnù.

Olótùú, ẹ lè ní kí ló kan ìwé ìròyìn nínú gbogbo èyí. Ó kàn yín gan-an. Ní àdúgbò wa, wọ́n gé ojú ìwé ìlera jáde nínú ìwé ìròyìn kan, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oògùn inú igò. Orúkọ ìwé ìròyìn náà wà lókè níbẹ̀ ketekete. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí mi, ẹni tí à ń bá ara wa ṣeré, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ó ka ìwé tó kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yẹn, ó ra igò mẹ́ta, ó sì fi oògùn ọsibítù sílẹ̀ torí wọ́n ní èyí tí a fi ewé ṣe kì í ba ara jẹ́. Rọpárọsẹ̀ ló mú un. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di òní, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wẹ̀ ẹ́. N kò sọ pé ẹni tó kọ ìròyìn náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mò ń sọ pé ó kà á, ó gbà á gbọ́, kò sì sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ fún un pé ara eku ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n kọ.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára igò náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ní irú igò bẹ́ẹ̀ nílé gbé e sún mọ́ ojú. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí àjọ náà kọ orúkọ wọn sílẹ̀, gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Àjọ náà sọ òdodo rẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní ló sọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà ló sì kọ antioxidant.

N kò bá ewé jà. Ọmọ ẹlẹ́wé ni mí, owó ewé ni wọ́n fi rán mi níwèé. Ìdí tí mo fi ń béèrè nípa ara ènìyàn ni pé àwọn ewé kan ti dé ibẹ̀, ẹ kì í sì í kọ nípa wọn tó. Ẹ wo zobo. Ní 2010, ìwé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru díẹ̀, tí wọn kò sì tíì máa lo oògùn. Àwọn kan ń mu ife zobo mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn yòókù ń mu omi tí wọ́n pò kó jọ ọ́. Nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu zobo fi nǹkan bíi 7 wálẹ̀, ti àwọn yòókù fi nǹkan bíi 1. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, kò sì rọ́pò oògùn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gan-an. Àmọ́ ènìyàn ni, ife ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Òǹkàwé lè di ìyẹn mú.

Ẹ sì wo ohun tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Àlùfáà ìjọ kan, Rev. P.O. Ogunyale, ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ ń lò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ó gbé e fún ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: èso iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹ kò lè rà ní Ojúwòyè ní ìrọ̀lẹ́ òní. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìgò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ẹran, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, wọ́n fún àwọn kan ní ojúlówó, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó jọ ọ́ tí kò ní oògùn nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn, aláìsàn kò mọ̀, dókítà kò mọ̀. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2001: ìrora tó máa ń dé sí wọn dín kù. Niprisan ni wọ́n pe oògùn náà. Ọkàn mi máa ń gbóná tí mo bá rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló mọ orúkọ àwọn ìyẹ̀fun inú igò tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ láti Òṣòdì dé Ojúẹlẹ́gbà, tí wọn kò sì gbọ́ orúkọ Niprisan rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní gbà ju ìlà kan lọ lábẹ́ ìròyìn kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ nípa ewé. Kí ìlà náà sọ ibi tí ewé ti ṣiṣẹ́, inú ìgò, ara eku, tàbí ara ènìyàn, àti mélòó ni àwọn ènìyàn náà. Kí ó sọ ohun tí wọ́n fi yọ oje rẹ̀, àti apá ibi tí wọ́n lò, ewé ni, èèpo ni, tàbí egbò, torí èèpo àti ewé igi kan náà lè ṣe ohun tó yàtọ̀ síra. Kí ó sọ ìwọ̀n. Bí ẹni tó gbé ìròyìn wá kò bá mọ ìwọ̀nyí, kò tíì ka ìwé ìwádìí náà. Àwọn onímọ̀ oògùn wà ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba wà ní Yábàá, wọn kò jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ béèrè. Kí akọ̀ròyìn yín sì tún dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́wé, kó jókòó, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó tà.

Ẹ tún bá mi sọ ọ̀kan fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa, torí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín. Kí wọ́n yéé jágbe mọ́ aláìsàn tó bá sọ pé òun ń mu àgbo. Mo ti rí àgbàlagbà tí wọ́n fi ṣẹ̀sín níwájú gbogbo èrò torí ó jẹ́wọ́ àgbo. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá bi í, á ní òun kò mu nǹkan kan. Dókítà kò wá mọ̀ mọ́ pé asofẹ́yẹjẹ wà nínú ohun tó ń mu, ewé tí reserpine inú rẹ̀ ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tí ó sì lè já a jù bó bá pàdé oògùn ọsibítù. Ẹni tí wọ́n bá bi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, á tilẹ̀ gbé ìgò náà wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tí yóò máa ka àwọn ìwé ìwádìí yẹn kí ẹ tó tẹ ìròyìn ewé jáde, mo wà nílé, ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi zobo bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Adé,
òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé àyẹ̀wò,
Mùṣín, Èkó.